Dùùrù Bàbá, Gìtá Ọmọ

Iṣẹ́ àtúnṣe dùùrù ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mi ò ta aṣọ bíi bàbá mi, mi ò sì rẹ aṣọ láró bíi ìyá mi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ìwòyí, wọ́n á wo ìbòrí mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin Àlàájà? Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì?" Bẹ́ẹ̀ ni, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti ilé ẹ̀kọ́, àti píánò tó wà ní pálọ̀ àwọn tó rí jájẹ. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge títí irun mi fi funfun, ohunkóhun tó ní eyín funfun àti dúdú tí kò dún dáadáa mọ́, èmi ni wọ́n ń wá kàn.

Láìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní kí n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ènìyàn lè yàn. Mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Màmá, nínú gbogbo orin tẹ́ ẹ ti gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èwo lẹ fẹ́ràn jù?" Mo ní, "Hẹ́fì mẹ́tàlì ni." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wọn pàápàá rò pé eré ni mò ń ṣe. Kì í ṣe eré, àmọ́ agogo ti lù, mi ò sì ráyè ṣàlàyé. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìtàn yìí nìyẹn.

Ìjemò, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé àwọn oníṣòwò tó ti ń ṣe Ìsìláàmù bọ̀ láti ayé bàbá àwọn bàbá wa. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé yòókù ń ṣe àdìrẹ lẹ́yìnkùlé. Ní ilé tó kọjú sí tiwa, bàbá kan gba yàrá méjì iwájú, ó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Onídùùrù là ń pè é. Ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó ń ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó síwájú ilé wa, mò ń tú okùn ìko tí wọ́n fi di àdìrẹ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Bàbá wà lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀, ó ń tún píánò kan ṣe, ó ń tẹ ohùn kan ṣoṣo léraléra. Ohùn náà ń gbọ̀n. Ó fi irin yí i díẹ̀, gbígbọ̀n náà dín kù. Ó tún yí i. Mi ò mọ̀gbà tó bọ́ lẹ́nu mi pé, "Ó ti kọjá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yọ orí síta. "Ta ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló ti kọjá?"

"Ohùn yẹn, sà. Ó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ dákẹ́, ó tún ti ń gbọ̀n padà."

Ó padà sídìí píánò náà, ó yí irin náà sẹ́yìn díẹ̀, ohùn náà sì dúró wẹ́rẹ́. Nígbà tí bàbá mi dé láti ọjà, Bàbá Onídùùrù wọlé wá kí i, ó sì ní òun fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́.

Bàbá mi bi í pé, "Ọmọ Mùsùlùmí? Kó máa wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Alhaji, mi ò ní kó wá bá wa gbàdúrà. Etí rẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ yá mi."

"Bí àkókò ìrun bá tó ńkọ́?"

"Á kírun rẹ̀. Dùùrù ò ní ẹsẹ̀, kò ní sá lọ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ó tó bí ọdún kan tàbí méjì kí àwọn sójà tó gbé ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́.

Bàbá Onídùùrù le. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì tí mo lè fi sọ ọ́. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin iṣẹ́ kankan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sídìí dùùrù, kí n máa tẹ eyín tó bá ní kí n tẹ̀, nígbà tí òun wà nínú dùùrù láàárín àwọn fèrè. Dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, bí ilé ló rí nínú. Àwọn fèrè òjé àti ti igi á tò bí igbó, àwọn mìíràn ga ju ènìyàn lọ, àwọn mìíràn ò sì ju pẹ́ńsùlù. Ẹwìrì ńlá ló ń fún wọn ní afẹ́fẹ́. "Tẹ̀ ẹ́!" Bàbá á ké láti inú lọ́hùn-ún. "Gbé ọwọ́ kúrò!" Bí ìka mi bá yẹ̀ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà, mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́dọ̀ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi, kó má baà dún.

Ohun tó máa ń bí i nínú jù ni kó bi mí pé, "Kí lo gbọ́?" kí n sì dáhùn pé, "Ó dáa, sà."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó dáa! Mo ní, kí lo gbọ́?"

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá àwọn akọrin kọrin rí mọ dò re mi fa so. Dò àti so ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa. Bí ìwọ̀n wọn bá pé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bíi pé ohùn kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ki ohùn tó ń jẹ́ 'mi' sáàárín wọn, ó gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń tún dùùrù ṣe láyé òde òní ló fà á, kò sí bí ènìyàn ṣe lè tún un ṣe tí ohùn 'mi' yìí ò ní gbọ̀n díẹ̀. Bàbá ní kí n fi ìyẹn sọ́kàn, mo sì fi í sọ́kàn, láìmọ ibi tí màá ti lò ó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, Bàbá á fọ ọwọ́ rẹ̀, á nù ún gbẹ, á jókòó, á wá ta dùùrù náà. Orin àwọn ará Jámánì àtijọ́ ló máa ń ta. Ọwọ́ ọ̀tún á kọ́kọ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ bí omi tí wọ́n dà sórí àpáta, ọwọ́ òsì á máa lé e, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan, á sì dì í mú. Ohùn yẹn ò ní yẹsẹ̀, bí ọwọ́ méjèèjì bá fẹ́, kí wọ́n máa jà lókè. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú ikùn mi kí n tó gbọ́ ọ létí.

"Ọkùnrin tó kọ èyí," Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Gbọ́ ọ, bíi pé àárọ̀ yìí ló kọ ọ́."

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Bàbá ní, Ṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀. Èmi ń pè é ní Bùọ̀dá Ṣẹ́gun. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń fi orin àwọn ará Jámánì yìí tọ́ ọ. Ó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga l'Ékòó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó parí tó sì padà wálé, irun orí rẹ̀ ti kún, ó gbé gìtá pupa kan kọ́ èjìká, àpò rẹ̀ sì kún fún kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ń bá a rà bọ̀ láti òkè òkun.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó fi ọ̀kan sínú rédíò. Gìtá náà bú jáde, ohùn rẹ̀ ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù. Ìlù ń dún gbì-gbì-gbì. Ẹni tó ń kọrin ń ké bí ẹni tí iná jó. Bàbá gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń jà ni?"

"Hẹ́fì mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é, sà. Orin ni."

"Ariwo ni. Pa á."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i dáadáa."

Ojú Bàbá yí padà. "Èmi? Èmi lo ń sọ fún pé kí n fetí sílẹ̀?"

Kò lù ú, kò sì pariwo. Ó kàn sọ pé gìtá yẹn kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé òun. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun náà gbé gìtá, ó sì bá gìtá lọ. Ó gba yàrá kan ní Ṣàpọ́n, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́. Ó tó ọdún kan tí bàbá àti ọmọ ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màmá Ṣẹ́gun nìkan ló ń dààmú, á se oúnjẹ sínú kúlà, á sọ fún mi pé, "Síkírá, jọ̀ọ́, bá mi gbé e dé Ṣàpọ́n. Má jẹ́ kí Bàbá rí ẹ."

Mẹ́rin ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n sọ ara wọn ní Àpáta, nítorí wọ́n ní ìlú tó wà lábẹ́ àpáta ló yẹ kó ni orin tí àwọn òyìnbó ń pè ní rọ́ọ̀kì, ìyẹn àpáta. Àwọn ará àdúgbò ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n ń ṣe, pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í fi irun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo fẹ́ gbé kúlà sílẹ̀ kí n sáré lọ.

Bí mo ṣe kẹ́yìn sí wọn ni kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbọ́ dé ibi tí gìtá nìkan ti ń dá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró. Gìtá náà sáré sọ̀ kalẹ̀ bí omi tí wọ́n dà sórí àpáta, gìtá kejì ń lé e, ohùn ìsàlẹ̀ kan sì dúró gbọin lábẹ́ wọn, kò yẹsẹ̀.

"Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ dá a padà sẹ́yìn."

Ó dá a padà. Mo tún gbọ́ ọ.

"Orin Bàbá nìyí," mo ní.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. "Ìwọ ló gbọ́ ọ! Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nìyẹn!" Ó gbé gìtá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn mí. Ó ní àwọn kan lára àwọn òyìnbó tó ń ta gìtá yìí, píánò àti orin àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n mú eré sísá tí àwọn tó ń ta fáólìnì nígbà àtijọ́ máa ń sá, wọ́n gbé e sórí gìtá. Ó fi bí orin náà ṣe fi ohùn 'la' ṣe ilé, ibi tó ń padà sí, hàn mí, bí wọ́n ṣe ń gbé so sókè díẹ̀ kó di se, kó lè máa fa ènìyàn padà sílé. Bàbá ti fi ìyẹn hàn mí lórí dùùrù. Lẹ́yìn náà ló ta ohùn ńlá tó ń ha yẹn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ariwo.

"Kí lo gbọ́?" ó bi mí. Ohùn bàbá rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo fetí sí i. "Dò àti so nìkan ni. Ohùn 'mi' ò sí níbẹ̀."

"Kí ló dé tí kò fi sí níbẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró ní yàrá yẹn ní Ṣàpọ́n, inú mi sì dùn débi pé omi lé sójú mi. "Nítorí ohùn 'mi' máa ń gbọ̀n. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè tó báyìí tí òun náà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú."

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ni wọ́n kó sínú iná mànàmáná tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ará Ṣàpọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ojú ariwo wo orin náà mọ́.

Bí òjò ọdún kan ṣe bẹ̀rẹ̀ ni àjálù náà dé. Ìjì jà lọ́sàn-án, ó ká páànù orí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà lórí òkè, ṣọ́ọ̀ṣì tí dùùrù rẹ̀ tóbi jù nínú gbogbo èyí tí a ń tọ́jú. Kí a tó sáré débẹ̀, omi ti ń dà sínú dùùrù bí ẹni ń da omi sínú ìkòkò. Bàbá gbé àkàbà, ó ní kí n na tapólì sí òun. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi gùn ún." Ó ti ń gùn ún lọ. Igi àkàbà ti tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kán.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka títí dé ìgúnpá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Síkírá, má jẹ́ kí wọ́n dá iná sí i. Kó gbẹ fúnra rẹ̀." Dùùrù ló ń sọ, kì í ṣe ọwọ́.

Àwọn àgbà ìjọ náà ti rẹ̀. Alága wọn ní, "Ẹ jẹ́ ká ta àwọn fèrè wọ̀nyẹn fún àwọn tó ń rọ ìkòkò, ká lọ ra dùùrù kékeré tó ń lo iná." Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè títí di Ìkórè. Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ ni mí, mi ò tíì gba ìyọ̀ǹda, ọ̀gá mi sì wà lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Mo tú gbogbo fèrè náà, mo tẹ́ wọn sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Awọ ẹwìrì ti wú, ó ti jẹrà. Mo lọ sí Sábó, mo ra awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ lọ́wọ́ àwọn Hausa oníṣọ̀nà awọ, mo fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn fèrè òjé tó tẹ̀, mo fi igi róbótó ki inú wọn, mo rọra nà wọ́n tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tò wọ́n padà tó wá ku kí n tún ohùn wọn ṣe, mi ò rí ẹni tó máa bá mi tẹ eyín.

Bùọ̀dá Ṣẹ́gun wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó pè é. "Ta ló ń bá ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sídìí dùùrù. Ojoojúmọ́ ló ń wá láti ìgbà yẹn. Òun ló ń tẹ̀, èmi ló wà nínú dùùrù tí mò ń ké pé, "Tẹ̀ ẹ́! Gbé ọwọ́ kúrò!" Èmi náà ti ń le bíi Bàbá.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ẹ̀ parí, mo ń sinmi, òun ò sinmi. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn 'la' ti ìsàlẹ̀, ó dì í mú, ó wá fi ọwọ́ òsì gún dò àti so lọ́nà tí Àpáta fi ń gún un, tìpá-tìpá. Eruku já bọ́ látorí àjà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo ń jó láàárín àwọn fèrè. Nígbà tí mo yọ orí jáde, Bàbá ló dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ kọ́rùn.

Bùọ̀dá Ṣẹ́gun rí i, ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Jókòó. Tún un ta."

Ó tún un ta. Bàbá rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Hẹ́fì mẹ́tàlì ni, sà. Orin ẹgbẹ́ wa ni. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ta ló kọ́ ẹ pé kí ẹsẹ̀ dúró, kí ọwọ́ máa rìn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Mo rò pé yóò lé e jáde. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kan ìka ọmọ rẹ̀. "Ìka kẹrin yìí ń lọ́ra. Gbé e sókè. Tún un ta."

Ó ní kó tún un ta títí ìka náà fi jí. Kò ní ó dáa. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, fèrè kékeré kan lókè ò dákẹ́. Ó ń súfèé lọ, tín-ín, láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí díẹ̀ ló máa ń fà á. Mo dúró kí Bàbá bú mi. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Ó ti mọ́. Kò ku nǹkan kan."

Fèrè náà ń súfèé. Èmi àti Bùọ̀dá Ṣẹ́gun wo ara wa.

Èmi ni mo sin Bàbá lọ sílé. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà, ó ní, "Ó ń dún, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo rí i lójú yín. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ àwọn fèrè kékeré. Àwọn ẹyẹ pàápàá, mo kàn ń rí wọn tí wọ́n ń la ẹnu ni." Ó rìn díẹ̀. "Ìwọ ni etí ṣọ́ọ̀bù báyìí."

A ṣe Ìkórè pẹ̀lú dùùrù náà. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ló ta á. Àwọn àgbà ìjọ wá kí mi ní gbangba, bàbá mi tó wá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ sì ń mi orí sí gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ọmọ mi ni, ọmọ mi ni." Bàbá Onídùùrù gbà mí láàyè láti máa dá ṣiṣẹ́ lọ́dún náà.

Lẹ́yìn èyí, etí Bàbá ń burú sí i. Àwọn ohùn òkè ti lọ, àwọn ti àárín ń tẹ̀lé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n nígbà tó bá jókòó sídìí dùùrù, á ta díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á pa ìdérí rẹ̀ dé. Mi ò rí ìbànújẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí Àpáta fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́sàn-án Sátidé, Màmá Ṣẹ́gun ló bẹ Bàbá títí ó fi gbà láti lọ. Ìlà ẹ̀yìn ló jókòó sí, láàárín èmi àti ìyàwó rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà kún fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n to àwọn sípíkà ńlá dúdú lé ara wọn bí àpótí ẹrù. Bí gìtá àkọ́kọ́ ṣe bú, Màmá Ṣẹ́gun fi ìka di etí. Bàbá na ọrùn. Ó dìde, ó bọ́ sí ìlà iwájú. Ó tún dìde, ó tún sún mọ́ ọn. Mo rí i tó ń kọjá láàárín àwọn ọmọ tó ń fò sókè, wọ́n ń yà fún un. Àwọn kan rò pé ó fẹ́ lọ pa iná. Mo sáré tẹ̀lé e.

Ó dé ìdí sípíkà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e. Ó di ojú. Gìtá Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ń sáré, gìtá kejì ń lé e, ohùn ìsàlẹ̀ dúró gbọin. Bàbá yíjú sí mi, ó ń pariwo kí n lè gbọ́ ọ.

"Síkírá! Mò ń gbọ́ ọ! Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́!"

Omi ń dà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹgbẹ́ náà ò pẹ́ láyé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, okùn gìtá di ohun tí a ń fi àtùpà wá. Onílù wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ẹnì kan lọ ṣiṣẹ́ báǹkì, Bùọ̀dá Ṣẹ́gun sì di tíṣà orin. Àwọn ọmọ tó kọ́ ti ń kọ́ ọmọ tiwọn báyìí.

Èmi ń bá iṣẹ́ lọ. Kíbọ́ọ̀dù tó ń lo iná dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì pa dùùrù fèrè tì. Mo jókòó ti ọmọ kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìtòkú, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná lẹ wáyà, mo sì ń tún kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ gìtá ṣe. Ní àtijọ́, irin kékeré kan tó ní ẹ̀ka méjì la máa ń gbá mọ́ orúnkún kí ohùn rẹ̀ lè jáde, òun la fi ń bẹ̀rẹ̀. Lónìí fóònù lè sọ fún ẹ bóyá ohùn pé. Mi ò bú u, èmi náà ní ọ̀kan. Síbẹ̀, mo ń bi àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pé, kí lẹ gbọ́? Orúnkún mi tí kò lè gun àkàbà mọ́ ló jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tó máa sọ ọ́ di olówó, mi ò lè sọ pé kó wá ṣe tèmi. Mo jẹun, mo kọ́lé kékeré, mo lọ sí Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà jẹ́ kí n gbọ́ bí ọkùnrin tó ti kú kí ìlú wa tó wà ṣe ń sọ̀rọ̀ láti inú gìtá ọmọ Ẹ̀gbá, mi ò sì rò pé iṣẹ́ míì lè fún mi nírú ẹ̀.

Mo ti sáré kọjá ohun kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí. Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé Bàbá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá, àní bí a pariwo sí i. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun gbé sípíkà kan tó ṣẹ́ kù nínú ti Àpáta wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjemò. Bó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, á gbé gìtá, á gbé ohùn sókè, á wá ta orin àwọn ará Jámánì fún bàbá rẹ̀, á ta orin Àpáta tẹ̀lé e. Àwo ń mì lórí tábìlì àwọn aládùúgbò. Wọ́n fara dà á títí, wọ́n wá kó ara wọn jọ wá bá bàbá mi, nítorí òun ló dàgbà jù ládùúgbò nígbà náà.

"Alhaji, ẹ bá wa sọ fún wọn. Ariwo yìí ti pọ̀ jù."

Bàbá mi dé fìlà rẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì. Mo tẹ̀lé e kíákíá, nítorí mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn ohun tó ń pariwo. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá Onídùùrù jókòó lórí àpótí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára sípíkà, ojú rẹ̀ dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun rí bàbá mi, ó fẹ́ dáwọ́ dúró.

"Má dá a dúró," bàbá mi ní. "Bàbá rẹ ni mo wá kí."

Ó fa ìjókòó kan, ó jókòó tì í. Bàbá Onídùùrù la ojú, ó rí i. Ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó gbé e lé ara sípíkà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àwọn bàbá méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí.

Nígbà tí bàbá mi jáde, àwọn aládùúgbò ṣì dúró níta, wọ́n ń retí rẹ̀.

"Alhaji, kí ni wọ́n wí?"

"Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó ń gbọ́ láyé nìyẹn," bàbá mi ní. "Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ."

Wọ́n lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rí méjì nínú wọn tí wọ́n gbé àga wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí orin tó bẹ̀rẹ̀.